Onídìrí tí irun orí ara rẹ̀ ń re

Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń dirí. Sábọ́n Gàrí ní Kano ni mo ti kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tiwa. Nígbà tí mo lọ́kọ, a kó wá sí Abuja, mo gba ṣọ́ọ̀bù sí Kubwa, ibẹ̀ náà ni mo ṣì wà dòní. Mo ń sọ èyí kí ẹ má baà rò pé ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa irun ló jókòó tó ń kọ̀wé. Bí ẹ bá dé orí àga mi, kí n tó fi ooyà kàn yín, mo ti mọ̀ bóyá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta lẹ ń fi rílásà sí i, mo ti rí ibi tí gúlúù wíìgì ti jẹ ẹ̀bátí yín. Àtàrí èmi fúnra mi ni n kò rí. Àwọn àgbà ní ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní ń bá ni rí tẹni. Ọmọ iṣẹ́ mi ló bá mi rí tèmi, kó sì tó rí i, nǹkan ti bàjẹ́.

Yíyún ló kọ́kọ́ dé, nínú ọyẹ́ ìparí ọdún 2018. Ẹni tó bá ti lo ọyẹ́ kan ṣoṣo ní Abuja mọ̀ pé kò sí orí tí kì í yún nígbà náà. Ètè á bẹ́, gìgísẹ̀ á là, awọ orí á máa hó funfun. N kò kà á sí. Ọyẹ́ lọ, òjò dé, yíyún ò lọ. Tí mo bá fọwọ́ tẹ àárín orí mi, ó máa ń ta mí bíi pé wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un. Ìrù ooyà ni mo fi ń họ ọ́ bí mo ṣe ń bá oníbàárà dúnàádúrà.

Lọ́jọ́ kan, ọmọ iṣẹ́ mi ń kó irun fún mi, ó kàn dákẹ́. Ọmọ tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi ni o. Ó ní, "Àǹtí, ibí yìí ń dán." Mo ní kó yà á ní fọ́tò. Ohun tí mo rí nínú fóònù yẹn tó ìdérí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ó ń dán bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, irun kan ò sí níbẹ̀.

Kẹ́míìsì ni mo gbà lọ. Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ kò tilẹ̀ ní kí n tú gèlè. Ó ní làpálàpá ni, ó fún mi ní ìpara kan. Lóru ọjọ́ yẹn gan-an, yíyún náà dáwọ́ dúró. Mo yin Olúwa lógo. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ra ìpara yẹn léraléra. Irú ìpara bẹ́ẹ̀, oògùn mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń pò mọ́ ara wọn nínú rẹ̀: ọ̀kan fún làpálàpá, ọ̀kan fún bakitéríà, ẹ̀kẹta ni sìtẹ́rọ́ìdì tó lágbára, òun ló sì ń pa yíyún lẹ́nu mọ́. Nígbà tí mo wá dé ọ̀dọ̀ dókítà níkẹyìn, ó yà mí lẹ́nu pé sìtẹ́rọ́ìdì wà lára ohun tí wọ́n fi ń tọ́jú àrùn mi. Àmọ́ ẹni tó bá ń tọ́jú ń tẹ̀lé ìlànà, wọ́n sì ń wo ibi tí nǹkan dé. Èmi ń kùn ún nígbà tó bá yún, mo ń jù ú sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tó bá dákẹ́. Ajá ń gbó lóru, mo ju eegun sí i lẹ́nu kí n lè sùn. Olè tí ajá ń torí rẹ̀ gbó kò tíì lọ.

Ẹ má bi mí ní iye tí mo ná. Obìnrin kan ní ọjà Wuse ta chebe fún mi, ìyẹn ẹbu tí àwọn obìnrin Chad ń fi ra irun wọn. Kò purọ́ pé Chad ni wọ́n ti ń lò ó, irun àwọn tó ń lò ó sì máa ń gùn nítorí kì í jẹ́ kó gbẹ kó sì já. Ṣùgbọ́n irun tó wà nílẹ̀ ló ń dáàbò bò. Kì í hu tuntun. Mo lo lálì. Mo lo omi àlùbọ́sà títí ọkọ mi fi ń sùn sí pálọ̀. Ìyá mi fi àdí ẹ̀yan ránṣẹ́ láti ilé, gálọ́ọ̀nù kan odidi. Kí àwọn oníbàárà má baà rí mi, mo ń fi gúlúù lẹ wíìgì mọ́ orí tó ń ṣàìsàn lójoojúmọ́. Ta ló máa fún onídìrí tí orí ń pá ní irun ṣe?

Ohun kan wà tó yẹ kí n ti mọ̀ látọdún yìí, nítorí iṣẹ́ mi ni. Irun orí ń gùn tó sẹ̀ǹtímítà kan lóṣù. Ẹyọ kan lè máa hù fún ọdún méjì sí mẹ́fà, á sinmi fún bí oṣù mẹ́ta, á wá re, òmíràn á hù láti ojú ihò kan náà. Àádọ́ta sí ọgọ́rùn-ún ẹyọ ló ń kúrò lórí ènìyàn lójúmọ́, kò sì sí ewu níbẹ̀. Irun tó já tàbí tó re ṣì ní ilé tó máa padà sí. Ibi tó bá ti ń dán, tí ẹ ò rí ojú ihò mọ́ tí ẹ bá tan iná sí i, àpá ti dí ilẹ̀kùn ilé yẹn. Kò sí ìpara tó ń ṣí i. Ọdún méjì ààbọ̀ ni mo fi ń kan ilẹ̀kùn tó ń dí lọ lójú mi.

Ọdún 2021 ni mo tó dé ọ̀dọ̀ dókítà awọ ara, ní ilé ìwòsàn ìjọba kan. Aago márùn-ún ìdájí ni mo kúrò ní Kubwa, mo sì bá ènìyàn mẹ́rìndínlógún níwájú mi. Dókítà tó dá mi lóhùn kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ọmọ Ìlọrin ni, nígbà tó gbọ́ orúkọ mi, Yorùbá ló fi kí mi. Ó ní, "Ẹ bá mi ṣí i, mà." Mo jókòó, n kò ṣí i. Ó dúró dè mí. Mo wá bọ́ wíìgì náà lójú ẹni tí n kò mọ̀ rí, omi sì ń bọ́ lójú mi bí ọmọdé.

Ó fi awò kékeré kan tó níná wo gbogbo àtàrí mi, ó wá béèrè ohun tí n kò retí: "Ṣé ẹ ti ní fáíbírọ́ìdì rí, mà?"

Mo ní kí ló kan ilé ọmọ nínú ọ̀rọ̀ irun. Mo ti ṣe iṣẹ́ abẹ rẹ̀ lọ́dún 2013, n kò mọ ẹni tó lè ti sọ fún un. Ó ṣàlàyé pé lọ́dún 2018, àwọn dókítà ní Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà yẹ àkọsílẹ̀ àwọn obìnrin aláwọ̀dúdú tó lé ní 487,000 wò. Nínú àwọn tó ní irú àrùn orí tó fura sí lára mi, ìdá 13.9 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní fáíbírọ́ìdì. Nínú àwọn yòókù, 3.3 péré. Nǹkan méjèèjì, ibi tí ẹran líle ti ń hù ju bó ti yẹ lọ ni. Ó sì yára fi kún un pé bí a bá rí ẹni méjì tí wọ́n jọ ń rìn, kò túmọ̀ sí pé ọ̀kan ló bí èkejì. Àmọ́ láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé dókítà awọ tó bá ń béèrè nǹkan oṣù, ìtọ̀ ṣúgà tàbí gẹ̀gẹ̀ ọ̀fun lọ́wọ́ yín kò ṣe àyọjúràn. Ẹ dá a lóhùn.

Ó wá ní àwọn máa gé ẹran díẹ̀ lórí mi.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí. Ní ṣọ́ọ̀bù mi, mo ní àwọn oníbàárà tí kì í fi irun tí mo yọ lórí wọn sílẹ̀. Mo máa ń gbá a jọ sínú ọ̀rá fún wọn kí wọ́n lọ sun ún nílé. N kì í bi wọ́n ní ìdí. Gbogbo wa la mọ ohun tí orí jẹ́. Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi lórí fóònù, ẹ̀ẹ̀mejì ló pariwo: "Àtàrí kẹ̀? Abẹ kẹ̀?" Mo sún ọjọ́ náà síwájú lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà kẹta, mo bi dókítà náà láìfi bò: "Níbo lẹ máa gbé e sí? Ta ló máa fọwọ́ kàn án?" N kò rí i kó rẹ́rìn-ín. Ó ní inú ìgò oníkẹ́míkà ló ń lọ, nọ́ńbà ni wọ́n máa kọ sí i lára, dókítà mìíràn tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ wíwo ẹran ara lábẹ́ awò ló máa gé e pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, tó máa wò ó, tí wọ́n á sì tọ́jú ìyókù sí yàrá àyẹ̀wò. Ó fi irin tí wọ́n fi ń gé e hàn mí: ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 4, hóró ọkà bàbà kan. Wọ́n gún mi ní abẹ́rẹ́ kí ojú ibẹ̀ lè kú, abẹ́rẹ́ yẹn ló dùn mí, n kò mọ ìgbà tí wọ́n gé e. Ọdún kan gbáko ni ìbẹ̀rù ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni lè dáhùn ní ìṣẹ́jú méjì ì bá gbà lọ́wọ́ mi ká ní n kò béèrè.

Èsì jáde. Orúkọ rẹ̀ gùn: central centrifugal cicatricial alopecia. CCCA ni wọ́n ń pè é ní kúkúrú. Àárín ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀, ó ń fẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́, ó ń fi àpá sílẹ̀ bó ṣe ń lọ. Àwa obìnrin aláwọ̀dúdú ló ń bá jà jù. Dókítà ní nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kọ̀wé nípa rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1968, ooyà gbígbóná ni wọ́n sọ pé ó ń fà á, òun náà ni wọ́n fi sọ àrùn náà lórúkọ. Inú mi bàjẹ́ débi pé n kò gbọ́ ohun tó sọ tẹ̀lé e. Ní Kano, orí sítóòfù la ti ń gbóná ooyà irin, a ó fi kan bébà bóyá á jó, a ó wá fi na irun obìnrin. Mélòó ni mo ti pá lórí láìmọ̀?

Ó ní kí n sinmi. Ó ní ọ̀pọ̀ tó ní àrùn yìí kò fi ooyà gbígbóná kan orí rí, àti pé lọ́dún 2019 àwọn olùwádìí láti Ísírẹ́lì, Gúúsù Áfíríkà àti Amẹ́ríkà rí i pé lára àwọn obìnrin kan tó ní i, àyípadà wà nínú jíìnì kan, ìyẹn ohun àbímọ́ tí òbí ń gbé fún ọmọ, tí wọ́n ń pè ní PADI3, tó ń ṣiṣẹ́ nínú bí ẹyọ irun ṣe ń gba ìrísí. Nítorí náà, ó lè máa rìn nínú ìdílé. Ìyá mi àgbà, gèlè kì í kúrò lórí rẹ̀, kódà lórí ibùsùn. Àṣé! Ṣùgbọ́n jíìnì ò ní kí n fa irun ènìyàn títí ojú á fi ṣí sókè. Irun tí a fà le ní àrùn tirẹ̀ tó ń jẹ iwájú orí àti ẹ̀bátí, ìyẹn sì wà lọ́rùn àwa onídìrí pátápátá.

Ìgbà yẹn ló sọ fún mi pé òun ń ṣe ìwádìí kan. Àwọn dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ láti di àgbà nínú ẹ̀ka kan gbọ́dọ̀ ṣe ìwádìí, kí wọ́n kọ ìwé lé e lórí, kí wọ́n tó yege. Tirẹ̀ dá lórí àwa tí àárín orí wa ń pá. Gbogbo wa ni yóò gba ìtọ́jú tí wọ́n máa ń fún ènìyàn tẹ́lẹ̀. A ó wá fi omi inú ìgò kan kún un. Nínú ìgò àwọn kan, minoxidil, oògùn tó ń mú irun hù, ló wà. Nínú ti àwọn kan, omi náà nìkan ni, láìsí oògùn. Àpòòwé tí wọ́n ti lẹ̀ pa ló máa pín wa. Òun fúnra rẹ̀ kò ní mọ èyí tó bọ́ sọ́wọ́ ta ni.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ṣì wà ní Kano ni mo kọ́kọ́ pè. Ó ní, "Ṣé o ti gbàgbé 1996 ni?" N kò gbàgbé. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà tí yírùnyírùn, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní sankarau, ń pa ènìyàn bí ẹní pa eṣinṣin. Àárín rògbòdìyàn yẹn ni iléeṣẹ́ Pfizer wá sí ọsibítù àrùn tó ń ràn ní Kano, tí wọ́n dán oògùn kan tó ń jẹ́ Trovan wò lára bí igba ọmọ. Ìdajì gba Trovan, ìdajì gba oògùn mìíràn. Mọ́kànlá kú. Àwọn òbí ní ẹnikẹ́ni ò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni. Iléeṣẹ́ náà ní wọ́n sọ, àti pé àìsàn ló pa àwọn ọmọ náà, kì í ṣe oògùn. Ọ̀rọ̀ dé kọ́ọ̀tù, lọ́dún 2009 wọ́n bá ìjọba ìpínlẹ̀ Kano parí rẹ̀ sí mílíọ̀nù 75 owó dọ́là, láìgbà pé àwọn jẹ̀bi. Ẹni tó bá dàgbà sí Kano, kì í gbọ́ "ìwádìí dókítà" kí ọkàn rẹ̀ má fò.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún dókítà. Ó ní ó yẹ kí n bẹ̀rù, ó tilẹ̀ fi ti ẹ̀ka tirẹ̀ kún un. Ọ̀kan nínú àwọn dókítà mẹ́ta tó kọ ìwé ọdún 1968 yẹn, Albert Kligman lorúkọ rẹ̀. Òun ló wà lẹ́yìn oògùn irorẹ́ kan tí gbogbo ayé ń lò títí dòní, tretinoin. Òun náà ló sì fi ọ̀pọ̀ ọdún dán oríṣiríṣi nǹkan wò lára awọ àwọn ẹlẹ́wọ̀n ní ọgbà Holmesburg ní Philadelphia, láti 1951 títí di 1974. Ẹlẹ́wọ̀n tó ń wá owó díẹ̀ kò ní agbára àtikọ̀. Ó ní nítorí irú nǹkan wọ̀nyí ni ìwé tí mo fẹ́ tọwọ́ bọ̀ yìí ṣe gùn. Ní Nàìjíríà, ìwé ìlànà ìwádìí ìlera ti wà láti 2007, òfin ìlera ọdún 2014 sì fi ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó o múlẹ̀. Abuja níbí náà ni ìgbìmọ̀ ọ̀hún wà, NHREC ni wọ́n ń pè é.

Ó sọ gbogbo èyí fún mi, ó gbé ìwé náà fún mi, ojú ewé mẹ́fà. Ó ní kí n mú un lọ sílé, kí n kà á, kí n fi han ẹni tó bá wù mí. Ṣé ẹ rí i pé kò sí ẹni tó fipá mú mi? Ìyàwó kan ń dúró dè mí ní Kubwa fún irun ìgbéyàwó. Mo wo aago, mo tọwọ́ bọ̀ ọ́ lórí ìdúró. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹjọ́ Kano tán!

Lálẹ́ ọjọ́ tí gbogbo nǹkan padà dàrú ni mo tó ka ìwé yẹn. Ojú ewé kejì sọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí mi. Ojú ewé kẹrin sọ pé mo lè jáde nígbàkígbà, wọn ò sì ní tìtorí bẹ́ẹ̀ dá ìtọ́jú mi dúró. Ti ìkẹyìn ní nọ́ńbà fóònù méjì, ọ̀kan ti dókítà, èkejì ti ìgbìmọ̀ tó fọwọ́ sí ìwádìí náà, kí n lè pe àwọn yẹn bí n kò bá fọkàn tán dókítà. Òǹtẹ̀ wà nísàlẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí agbára rẹ̀ máa parí. Ẹni tó bá gbé ìwé wá bá yín tí kò ní òǹtẹ̀ àti nọ́ńbà ẹlòmíràn lára, ẹ gbé gèlè yín.

Wọ́n fún mi ní nọ́ńbà, 17. Láti ìgbà yẹn, n kì í ṣe Ìyá Dára mọ́ nínú ìwé wọn. Wọ́n ya orí mi ní fọ́tò láti òkè, àga kan náà, iná kan náà, ilà kan náà láàárín irun. Wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, mo béèrè ìdí. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni minoxidil tẹ́lẹ̀, oníhóró. Ọdún 1979 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i. Àwọn tó ń gbé e mì bẹ̀rẹ̀ sí í hu irun níbi tí wọn ò fẹ́, ni àwọn dókítà bá ronú pé kí wọ́n sọ ọ́ di olómi, kí wọ́n fi pa orí. Ti ọkùnrin jáde ní 1988, ti obìnrin ní 1991. Àwọn tó ń wo ọkàn ló ni ín, àwọn tó ń wo awọ ló gbà á lò.

Wọ́n ní kí n máa lo mílílítà kan láàárọ̀, kan lálẹ́, kí n má pa nǹkan mìíràn mọ́ ọn, kí n má fi gúlúù lẹ nǹkan mọ́ orí, kí n máa dá ìgò padà ní gbogbo ìgbà tí mo bá wá. Wọ́n bi mí bóyá mo ń lo nǹkan ìbílẹ̀ kan. Mo ní rárá. Gálọ́ọ̀nù àdí ẹ̀yan ṣì wà lábẹ́ ibùsùn mi.

Kí ló dé tí mo purọ́? Ojú ń tì mí. Mo sì rò pé tí mo bá sọ òótọ́, wọ́n máa yọ mí kúrò níbi oògùn ọ̀fẹ́. Ibẹ̀ ni àṣìṣe mi gbogbo wà. Ohun tí dókítà pè ní ìwádìí, etí mi gbọ́ ọ ní ìtọ́jú ọ̀fẹ́. Ẹni tó ń ṣèwádìí kò tíì mọ̀. Ìdí tó fi ń ṣe é nìyẹn. Èmi lọ ń gba èsì lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń béèrè.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, irun mi bẹ̀rẹ̀ sí í re ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo jí, mo rí i lórí ìrọ̀rí, mo rò pé wọ́n ti pa mí. Ó wà ní ojú ewé kejì: minoxidil máa ń lé irun tó ti ń sinmi jáde láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, ó sì máa ń dáwọ́ dúró. N kò kà á, n kò pe nọ́ńbà. Mo sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Nínú ọpọlọ mi, bí ata kò bá ta, a ó fi kún un ni.

Àbúrò mi obìnrin wá kí wa láti Nyanya, iwájú orí tirẹ̀ ti sá lọ sẹ́yìn. Mo ní kó gbé ìgò kékeré wá, mo bu díẹ̀ fún un. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wá, ṣé kí n wá máa dá nìkan jẹ ẹ́ ni? Nígbà tí ìgò tí mo máa dá padà wá ṣófo ju bó ti yẹ lọ, mo da omi mímọ́ sí i.

Ní oṣù kejì, àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkìkì lóru. Irun múlọ́múlọ́ hù sí iwájú orí mi àti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, mo ń fá a. Mo rò pé ayé ni. Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta.

Ọ̀sẹ̀ kejìlá, mo lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì gbé ìgò mi sórí ìwọ̀n. N kò mọ̀ pé wọ́n máa ń wọ̀n ọ́n. Ó kọ nǹkan sílẹ̀, ó tún un gbé, ó gbé e sókè wo lójú iná, ó pe dókítà. Dókítà kò wo ìgò rárá, ojú mi ló wò. Ó na ọwọ́, ó fi ìka kan àgbọ̀n ìsàlẹ̀ mi níbi tí abẹ ti kọjá. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, iye wo lẹ ń lò?"

Mo tú u palẹ̀. Ìlọ́po méjì, àdí ẹ̀yan, omi, ìpara kẹ́míìsì tí mo ṣì ń kùn nígbà tó bá yún, gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo dárúkọ àbúrò mi, ó dá mi dúró: "Ṣé ó ń fọ́mọ lọ́mú?"

Ọmọ oṣù mẹ́rin ló wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ojú mi là ní ọjọ́ yẹn. N kò mọ bí mo ṣe tẹ nọ́ńbà àbúrò mi. Wọn kì í gba abiyamọ níyànjú láti lo oògùn yẹn, ọmọ tó ń gbé orí lé orí ìyá rẹ̀ sì wà níbẹ̀ lójoojúmọ́. Wọ́n ní kó dá a dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kó gbé ọmọ wá. Kò ṣe ọmọ náà ní nǹkan kan, Ọlọ́run ló ṣe é. Èmi, wọ́n yẹ ọkàn mi wò, wọ́n gba ìgò lọ́wọ́ mi, àyà mi padà bọ̀ sípò láàárín ọjọ́ díẹ̀. Dókítà kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ wọn, ó dandan fún un. N kò gbọ́ kó pariwo mọ́ mi. Ká ní ó pariwo ni, ara ì bá tù mí.

Ó kàn ní bí àwọn bá rí i pé irun mi hù, wọn ò ní mọ̀ bóyá oògùn ni, àdí ni, àbí ìpara ni. Bí àyà bá sì ń lù mí, wọ́n lè lọ kọ ọ́ sílẹ̀ pé oṣùwọ̀n tí kò léwu ló fà á. Obìnrin mìíràn tí n kò ní mọ̀ láéláé, ní Ṣókótó tàbí Ìbàdàn, ni wọ́n máa fi èsì yẹn tọ́jú. Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n sùn. Mo ti ń rò ó pé ara mi ni mo ń ṣeré pẹ̀lú.

Ìtọ́jú kò dúró, bí ìwé ṣe wí. Abẹ́rẹ́ sìtẹ́rọ́ìdì ni wọ́n ń gún sí ẹ̀gbẹ́ ibi tó pá náà lóṣooṣù, kì í ṣe sí àárín tí nǹkan ti kú. Mo lo oògùn apakòkòrò kan tó ń jẹ́ doxycycline, tí wọ́n ní kì í ṣe torí kòkòrò bí kò ṣe torí kí ara tó ń gbóná lábẹ́ awọ lè rọ̀. Mo gé irun mi sílẹ̀ pátá. Àwọn oníbàárà kan lọ, àwọn kan dúró, méjì nínú àwọn tó dúró fà mí sí kọ̀rọ̀, wọ́n ní kí n wo tiwọn. Ẹ̀gbẹ́ ibi tó pá náà ti hu irun rírọ̀. Àárín kò hù, kò sì ní hù. Ohun tó kù ni kó má fẹ̀ sí i, láti ọdún tó kọjá kò sì fẹ̀.

N kì í fi gúlúù lẹ nǹkan mọ́ orí ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹni tó bá ní irun ń dun òun nígbà tí mo ń bà á, mo máa ń tú u, bí ilẹ̀ tilẹ̀ ti ṣú. Ìyá kan bínú, ó ní irun tí kò le kì í pẹ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà, kì í pẹ́.

Nígbà tí dókítà yege, mo gbé ìgò oyin kan lọ kí i. Ìwé rẹ̀ ti jáde, aláwọ̀ pupa, wọ́n fi wúrà kọ orúkọ rẹ̀ sára. Ó ṣí ojú ewé kan tí kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀, nọ́ńbà ni gbogbo rẹ̀, ó fi ìka tọ́ka sí ìlà kan nísàlẹ̀ tábìlì. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé nọ́ńbà 17 dá oògùn dúró ní ọ̀sẹ̀ kejìlá nítorí pé kò tẹ̀lé ìlànà. Ìlà kan ṣoṣo. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n jẹ́ kí n ya fọ́tò rẹ̀. Dókítà rẹ́rìn-ín, ó pa ìwé dé, ó ní, "Ẹ kọ́kọ́ ṣí gèlè, mà, ká wo orí ná."